Àká Tí A Kò Gbọdọ̀ Ṣí

Ọjọ́ Ajé, 9 oṣù kìíní 1995
Oníwọ̀n tún wá láti Savalou. Ìwé yìí nìkan ló mọ̀ pé orúkọ tí mo sọ ọ́ nìyẹn. Iṣẹ́ ìwádìí ló ń ṣe. Gbogbo nǹkan ló ń wọ̀n. Ó bu àgbàdo díẹ̀ nínú àká wa, ó wọ̀n ọ́n, ó dí ẹnu àká padà, ó fi èdìdì sí i. Àká Adamou, aládùúgbò wa, ni wọ́n fi oògùn kòkòrò sí. Wọn ò fi nǹkan kan sí tiwa, kí wọ́n lè mọ ohun tí kòkòrò lè jẹ. Ó yẹ kí wọ́n ti mọ̀ ọ́n báyìí. Adamou ní àká méjì mìíràn. Àwa, ẹyọ kan ṣoṣo.

Ọjọ́bọ̀, 12
Mo gbé etí lé ara àká. Krí-krí-krí. Àwọn àlejò wa ń jẹun. Àwa ò tíì jẹ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14
Gbágùúdá tán. Mo bẹ ọkọ mi, Baba Josiane, pé ká ṣí àká. Ó ní òun ti ṣèlérí fún àlejò pé a ò ní fọwọ́ kàn án títí di oṣù kẹta. Ó ní ṣebí Akọ̀wé wà níbẹ̀. (Àbúrò rẹ̀ ni, Jérémie, òun ló ń túmọ̀ Faransé fún wa, ìyàwó ilé ò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀.) Baba Josiane ní ọmọ ìlú Bobè kì í sọ̀rọ̀ méjì. Mo ní ọ̀rọ̀ ò ṣeé sè. Inú bí mi débi pé mo tún fọ ìkòkò tó ti mọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 15
Josiane sùn lé mi lẹ́sẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, nínú aṣọ funfun rẹ̀. Ọmọ tó máa ń jó! Wòlíì wàásù lórí ìlérí. Lónìí náà ló rí i wàásù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17
Ìyá ọkọ mi ní kí n sè èbù iṣu. Irú iṣu tí à ń pè ní laboko ni. Bàbá mi ló gbé èbù rẹ̀ fún mi ní Tchetti, nígbà tí mo ń bọ̀ wá sílé ọkọ. Bàbá ti lọ. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti ta oko. Kò sẹ́ni tó ní irú rẹ̀ mọ́ àfi èmi. Ìyá ò fi ìbínú sọ ọ́. Ó kàn ní òkú kì í gbin iṣu.
Òótọ́ ni. Mo kórìíra òótọ́ náà.

Ọjọ́rú, 18
Mo sè díẹ̀. Ó dùn. Mo sunkún jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 30
Ó tán.

Ọjọ́ Ẹtì, 3 oṣù kejì
Oníwọ̀n dé láìròtẹ́lẹ̀. Ó wo apá Josiane, ó béèrè ohun tí à ń jẹ. Nígbà tó gbọ́, ojú rẹ̀ yí padà. Ó sọ̀rọ̀ títí. Akọ̀wé ò túmọ̀ nǹkan kan, ilẹ̀ ló ń wò. Baba Josiane ní, kí ló ń wí? Akọ̀wé ní, ó ní ọjọ́ tó bá wù yín lẹ lè yọwọ́ nínú ìwádìí òun, kò sí ẹ̀bi níbẹ̀. Ó ní òun ti sọ ọ́ láti ọjọ́ kìíní.
Ó ti sọ ọ́ lóòótọ́. Akọ̀wé ló gbé e mì. Ó ní báwo lòun ṣe fẹ́ dúró níwájú ẹ̀gbọ́n òun, níṣojú àlejò, kóun ní, “Ẹ lè yẹ àdéhùn yín”? Ó ní èébú ni.
Baba Josiane ò pariwo. Ó lọ já èdìdì fúnra rẹ̀. Ìyẹ̀fun tí kòkòrò jẹ kù ló tú bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Oníwọ̀n jókòó sórí odó, ó ní òun ìbá ti máa bi wá nígbàkigbà tóun bá wá. Òun ìbá! Kí ni kí n fi ìyẹn gbìn?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4
Alùpùpù gbé àgbàdo wá láti Savalou. Adamou náà bu tirẹ̀ wá. Josiane yó, ó ń ṣeré.
Ebè laboko mi wà lóko, Baba Josiane ti kọ wọ́n de èbù láti ọjọ́ yìí. Mo lọ tú ààtàn, bóyá mo lè rí èèpo kan tó ní ojú. Ewúrẹ́ ti jẹ gbogbo rẹ̀. Mo ṣì ń tú u. Josiane wá dúró tì mí, ó ní kí ni mò ń wá.
Mo ní, bàbá mi.