Ìborùn Pupa Tí Kò Sí Nínú Ìwé Ọjà

Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù kejì

Ó ku ọjọ́ méje kí Nirupa ẹ̀gbọ́n mi wọlé ọkọ. Ìyá mi ti kọ gbogbo ohun tí a máa rà lọ́la sínú ìwé. Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta nígbà tó lọ wẹ̀. Ẹ̀gbà ọwọ́, bàtà ìyàwó, làálì, atalẹ̀ pupa. Ìborùn pupa kò sí níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé a kì í ra ìyẹn. Arákùnrin ìyá ìyàwó ló ń mú un wá. Yóò dúró lórí àpótí igi lẹ́nu ọ̀nà, arábìnrin rẹ̀ yóò fi osùn sàmì sí i níwájú orí, òun náà yóò da ìborùn bo arábìnrin náà. Ṣùgbọ́n arákùnrin kan ṣoṣo ni Ìyá mi ní, Khinvraj, ó sì di ọdún mẹ́sàn-án tí wọn kò ti bára wọn sọ̀rọ̀. Nínú ìlú Jodhpur kan náà!

Nígbà tí Khinvraj ń fa ọmọ rẹ̀ fún ọkọ, ilé ìfìwéránṣẹ́ ló fi ìwé ìpè Ìyá mi rán. Sí àbúrò tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà. Ọwọ́ ni a fi ń gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá, pẹ̀lú ohun dídùn. Ìyá mi kò lọ. Láti ìgbà yẹn ni mo ti sọ ọ́ ní Onílẹ́tà, nínú ìwé yìí nìkan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 oṣù kejì

Ẹsẹ̀ ń ro mí, ṣùgbọ́n n kò lè sùn láìkọ èyí.

Pramila, àbúrò bàbá mi obìnrin, dé láti Pune lánàá. Kámẹ́rà ni mo sọ ọ́, torí ó ń ya ohun gbogbo, títí kan ìdọ̀tí. Òun ló ní dandan kí a kọ́kọ́ gun ilé olódi orí àpáta ká tó lọ sọ́jà. A gùn ún. Kámẹ́rà ń ya àwọn ilé aláró, àwọn tí wọ́n fi aró kùn lára, tó wà nísàlẹ̀, Nirupa ń kérora nípa bàtà rẹ̀, èmi ń wo Ìyá mi. Ó fara ti ògiri, ó tẹjú mọ́ òrùlé kan. Mo bi í pé kí ló ń wò. Ó ní oòrùn ló wọ òun lójú.

Lójijì ó ní òun gbàgbé nǹkan sọ́dọ̀ aránṣọ, ká pàdé lọ́jà lábẹ́ ilé gíga alágogo. Aránṣọ wa kò sí lápá ibẹ̀ rárá. Ọ̀nà ẹ̀yìn tó lọ sáàárín àwọn ilé aláró ló gbà, báàgì rẹ̀ sì wú. Mo fẹ́ tẹ̀lé e. Nirupa di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Àtojúbọ̀, dúró síbí."

Ọjà dùn. Ẹni tó ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ yọ́ oje tí wọ́n fi ń ṣe é lórí ẹ̀yinná, ó ń yí i bí ẹni ń pọn òwú, ó sì fi ọwọ́ fún ọwọ́ Nirupa láti mọ ìwọ̀n rẹ̀. Mo bi í léèrè títí ó fi bi mí bóyá èmi gan-an ni ìyàwó. A jẹ ata díndín. Kámẹ́rà sunkún ata, ó sì ya ara rẹ̀ níbi tó ti ń sunkún.

Ìyá mi dé. Báàgì ti rọ̀. Ní ìsọ̀ aláṣọ, ọkùnrin náà tú ìborùn pupa sílẹ̀ títí ó fi mù wá dé orúnkún. Kámẹ́rà yíjú sí Ìyá mi, ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ mú ọ̀kan kí ọkàn yín balẹ̀. Ta ló máa mọ̀?"

Ìyá mi ní, "Èmi máa mọ̀."

Nírọ̀lẹ́ mo gba fóònù Kámẹ́rà kí n wo àwòrán. Àwọn ilé aláró. Mo fà á tóbi. Obìnrin kan tó wọ aṣọ àwọ̀ ìyeyè wà lẹ́nu ilẹ̀kùn kan, ó ń so àpò kékeré kọ́ ìdè ilẹ̀kùn náà. Nínú àwòrán kejì ó ti kẹ̀yìn sí ilé náà. Aṣọ Ìyá mi nìyẹn. Ilé Onílẹ́tà nìyẹn.

Ọjọ́rú, 7 oṣù kejì

Mo bá Ìyá mi níbi tó ti ń bó ẹ̀wà tútù, mo bi í. Kò sẹ́. Ṣúgà ìrèké àti ìrẹsì ló wà nínú àpò náà, ìpè tí arábìnrin ń gbé lọ fún arákùnrin rẹ̀. Ó ní òun gbọ́ ikọ́ rẹ̀ nínú ilé, ẹsẹ̀ òun sì kọ̀.

"Ẹ wá so ó kọ́ ilẹ̀kùn, Ìyá mi? Ṣé wàrà tí wọ́n ń gbé kiri láàárọ̀ ni?"

Ó ń bó ẹ̀wà lọ, ó ní, "Ohun tó ṣe sí mi ni mo ṣe sí i yẹn."

Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Ọjọ́bọ̀, 8 oṣù kejì

Kò sí nǹkan kan.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 oṣù kejì

Mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá gba ẹnu ọ̀nà Onílẹ́tà kọjá. Àpò kò sí lára ilẹ̀kùn mọ́. Bóyá òun ló mú un, bóyá ọ̀bọ ni. Màlúù àdúgbò yẹn náà kì í kọ ṣúgà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 oṣù kejì

Wọ́n lé làálì fún Nirupa títí dé ìgbọ̀nwọ́. Wọ́n fi orúkọ ọkọ rẹ̀ pamọ́ sínú rẹ̀, èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Ìyá mi kò jẹ́ kí wọ́n lé tirẹ̀.

Nirupa rọra bi mí pé, bí ẹ̀gbọ́n Ìyá kò bá wá ńkọ́, kí ni Ìyá máa dà borí níwájú àwọn àna? Omijé bọ́. Làálì kò tíì gbẹ, kò lè nu ojú. Mo bá a nù ún.

Ọjọ́ Àìkú, 11 oṣù kejì

Ìyá mi gbé àpótí igi sẹ́nu ọ̀nà láti òwúrọ̀. Kò sẹ́ni tó bi í. Ọ̀sán pọ́n. Kámẹ́rà gan-an kò ya àwòrán. Bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́, mo ń wí i nínú mi ṣáá.

Aago mẹ́rin, Onílẹ́tà dé. Ó ti hewú. Ó di ẹrù kan mọ́ àyà, èyí tí wọ́n fi aṣọ funfun rán yíká bí wọ́n ti ń rán ẹrù ilé ìfìwéránṣẹ́, orúkọ Ìyá mi àti àdúgbò wa gàdàgbà lára rẹ̀. Kò gun àpótí. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Dhapu, àbúrò mi, mo ti fẹ́ fi èyí ránṣẹ́. Mo dé ilé ìfìwéránṣẹ́ láàárọ̀ yìí, wọ́n ní ọjọ́ mẹ́rin ni yóò gbà. Ọ̀la sì ni ìgbéyàwó."

Ìyá mi wo ẹrù náà. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú. "Ọjọ́ mẹ́rin. Iṣẹ́ wọn ti bàjẹ́."

"Ó ti bàjẹ́."

"Ẹ gun àpótí, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹsẹ̀ á ti máa dùn yín."

Ó gùn ún. Ìyá mi fi eyín já òwú ẹrù náà, ó sì fi osùn sàmì sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níwájú orí. Bí òun náà ti da ìborùn pupa bò ó, mi ò rí ojú Ìyá mi mọ́, ohùn rẹ̀ nìkan ni mo ń gbọ́.

Mo mú aṣọ funfun náà nílẹ̀, mo yẹ̀ ẹ́ wò tinú tẹ̀yìn. Kò sí sítáǹpù lára rẹ̀. Mo la ẹnu. Nirupa fi ọwọ́ làálì rẹ̀ fún ọwọ́ mi pọ̀, mo sì pa ẹnu dé.

Àìkú lòní. Ilé ìfìwéránṣẹ́ kò ṣí.