Bí A Ṣe Ń Gé Èèyàn Kúrò Nínú Fọ́tò

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹta
Kíláàsì dùn lónìí. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ yìí ní kọ̀ǹpútà, mi ò rí kí wọ́n fọkàn sí i báyìí rí. Bí a ṣe ń gé èèyàn kúrò nínú fọ́tò, kí a sì gbé e síbòmíràn, ni mo kọ́ wọn. Mẹ́ta-mẹ́ta nídìí kọ̀ǹpútà kan, wọ́n ń ja eku rẹ̀ gbà lọ́wọ́ ara wọn. Ẹnì kan gbé ara rẹ̀ sórí òṣùpá. Ẹnì kan gbé ọ̀gá iléèwé wa sórí kẹ̀kẹ́ ọmọdé — ẹ̀rín pa mí, mo ṣe bí ẹni tí ò rí i. Rọra gbé ìyá rẹ̀ síwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. (Rọra ni mò ń pe ọmọbìnrin tí kì í tẹ bọ́tìnnì, tó jẹ́ pé ṣe ló ń fọwọ́ pa á lórí.) Ó ní, "Tíṣà, ẹ wò ó, màámi ti kọ́lé."

Ọjọ́rú, 4
Iná ò sí. Mo sọ̀rọ̀ títí ẹnu mi fi bó. Wọ́n sùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 6
Wàhálà dé. Fọ́tò kan ń lọ káàkiri lórí fóònù àwọn ọmọ: Rọra nílé ọtí, ìgò bíà lọ́wọ́, sìgá lẹ́nu. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo wò ó tí mo ti mọ̀. Wọ́n ti gé etí òsì rẹ̀ dànù — àṣìṣe tí mo ní kí wọ́n ṣọ́ra fún gan-an. Ẹ̀kọ́ mi nìyẹn. Kò sí ibòmíì tí wọ́n ti kọ́ ọ.
Rọra ò wá sí kíláàsì.

Ọjọ́ Ajé, 9
A rí ẹni tó ṣe é, kò tilẹ̀ sá. Ẹlẹ́rìn-ín ni, bí mo ṣe ń pe ọmọ tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀! Òun àti Rọra ló jọ ń jókòó, tí wọ́n jọ ń lọ, tí wọ́n jọ ń bọ̀. Ó ní eré lòun ń ṣe. Ẹnì kan ṣoṣo lòun fi ránṣẹ́ sí, kó rẹ́rìn-ín, kó sì pa á rẹ́. Ó sunkún títí èébì fi gbé e. Mi ò mọ̀ bóyá kí n nà án ni àbí kí n gbá a mọ́ra.
Ọ̀gá bi mí pé ta ló kọ́ wọn. Mo ní èmi ni. Ó ní kí n máa lọ. Ì bá tiẹ̀ bú mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10
Láàárọ̀, Ọ̀gá kéde níwájú gbogbo iléèwé pé irọ́ ni fọ́tò náà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wò ó. Ìyẹn ló wá ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Ká tó jáde fún ìsinmi, àwọn ọmọ kékeré tí wọn ò gbọ́ nǹkan kan tẹ́lẹ̀ ti ń wá a kiri.

Ọjọ́bọ̀, 12
Mo lọ sílé wọn. Yàrá kan, ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ́bàá fèrèsé, aṣọ oníbàárà lórí okùn. Télọ̀ ni ìyá rẹ̀. Rọra dojú kọ ògiri lórí bẹ́ẹ̀dì, kò kí mi. Ọmọ tó máa ń kúnlẹ̀ kí mi lójú títì!
Mo gbé kọ̀ǹpútà mi dání. Mo ya ìyá ní fọ́tò, mo gé e, mo gbé e sínú ọkọ̀ òfuurufú níṣojú rẹ̀. Mo ní, "Màmá, ṣé ẹ ti wọ ọkọ̀ òfuurufú rí?" Ó ní òun ò wọ̀ ọ́ rí. Mo ní, "Ẹ ò rí i pé irọ́ ni?"
Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Tíṣà, mo gbà yín gbọ́. Àmọ́ ojú ọmọ mi nìyẹn. Àwọn tó ń wá ránṣọ lọ́dọ̀ mi ńkọ́? Ṣé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lẹ máa lọ fi ọkọ̀ òfuurufú hàn ni?"
Mo mu omi tí wọ́n bù fún mi. Mo wá sílé.

Ọjọ́ Àìkú, 15
Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ìlú tó ń gbé jìnnà sí wa gan-an, fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi. Mo ti mọ̀ ọ́n kó tó ṣí tán. Ó kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé: "Wo ọmọ ayé ìsinsìnyí! Ẹ̀yin tíṣà, kí lẹ ń kọ́ wọn gan-an?"
Mo pè é. Mo ṣàlàyé. Àánú ọmọ náà ṣe é, ó ní òun á pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó tún ní, "Àmọ́ àbúrò mi, mo ti fi ránṣẹ́ sáwọn ẹgbẹ́ wa lánàá."

Ọjọ́ Ajé, 16
Lẹ́tà títẹ̀ ni mo kọ́ wọn. Lẹ́tà nìkan.

Ọjọ́ Ẹtì, 20
Onífọ́tò fi fọ́tò àwọn tó ń jáde lọ́dún yìí ránṣẹ́, èyí tó yà ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù. Ọ̀gá ní kí n bá wọn tún ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ ni mo wà tí Rọra àti ìyá rẹ̀ fi wọlé. Wọ́n wá gba ìwé rẹ̀, iléèwé míì ló ń lọ.
Ó rí ara rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Ìlà kejì, eyín rẹ̀ síta, Ẹlẹ́rìn-ín fọwọ́ kọ́ ọ lọ́rùn.
"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ mí kúrò níbẹ̀."
Mo ní, "Kí ló dé? Ṣebí ọmọ kíláàsì yìí ni ẹ́."
Ó ní, "Kí wọ́n má tún rí ojú mi gé."
Mo wo ìyá rẹ̀. Ó ní, "Ẹ bá a ṣe é."
Mo gé e. Mo fi koríko dí àyè rẹ̀, mo sún àwọn tó kù mọ́ra. Ọwọ́ Ẹlẹ́rìn-ín ló fún mi níṣẹ́ jù — ọrùn ẹlòmíì ni mo wá fi kọ́. Rọra dúró lẹ́yìn mi, ó ń fìka han ibi tí irun rẹ̀ ṣì yọ díẹ̀, mo ń pa á rẹ́.
"Ó ti mọ́, Tíṣà. Ẹ ṣé."
Ó mọ́ lóòótọ́. Kò sí bí èèyàn ṣe lè mọ̀.