Ààwẹ̀ tí Mo Gbà fún Ìyá Rẹ

Olúwafúnminíyì ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé omi òjò kò tíì wọ yàrá tí o gbà ní Lẹ́kkí Phase 1? Ṣé àwọn ọ̀gá rẹ ní Oníru kò yọ ọ́ lẹ́nu? Bí o bá jáde, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ. Ẹni tó bá ní o kò ní gòkè, òun gan-an ni yóò máa di àkàbà mú fún ọ. Àmín. Láti Láńgbàsà níbí sí ọ̀dọ̀ rẹ, bàbá mi a máa fi ẹsẹ̀ rìn ín pẹ̀lú ẹrù àgbọn lórí, ṣùgbọ́n bí ìwọ ṣe ń pẹ́ kí o tó wálé, àfi bí ẹni tó ń bọ̀ láti ìlú òyìnbó. Mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni. N kò bínú.

Mọ́nsúrátù aránṣọ, ìyàwó Mọ́rúfù tó kọjú sí ilé wa, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. O mọ̀ pé ọmọ àgbẹ̀ ni mí, oko ni wọ́n mú mi lọ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń lọ síléèwé, n kò sì bẹ ẹnikẹ́ni nítorí ìyẹn. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má bá mi tún ọ̀rọ̀ ṣe. Ó ní òun gbọ́.

Ewúrẹ́ wa bí ìbejì. Àwọn tó ra ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ wa ti mọ ògiri dé ìdí igi àgbọn wa, mo sì ti sọ fún wọn pé àgbọn kò bá ilẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ló mú mi kọ̀wé.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí a ti sin Ọmọ́wùnmí àbúrò rẹ̀ ni oúnjẹ kò ti lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Tó bá bu òkèlè kan, ó tán. Á gbé omi kaná, á sì gbàgbé ìdí tó fi gbé e kaná. Aṣọ wá ń mì lára rẹ̀ bí èyí tí a sá sórí okùn. Ẹ̀rù ń bà mí, Fúnmi, n kò sọ fún ẹnì kan. Ìgbà náà ni o fi ohùn rẹ ránṣẹ́ sórí fóònù Mọ́nsúrátù, o ní ohun tí ẹ ń wádìí níbi iṣẹ́ yín ni pé ara èèyàn fúnra rẹ̀ ń ṣe nǹkan kan tó jọ èyí tó wà nínú igbó tí àwọn ọmọkùnrin ń fà létí òkun. Mo ní kí Mọ́nsúrátù pa á kíá, mo ti ilẹ̀kùn, mo ti fèrèsé. Ṣé ọ̀rọ̀ tí à ń sọ lórí fóònù nìyẹn, nígbà tí àwọn tó ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń gbọ́? Bí ajá ọlọ́pàá bá wá gbọ́ òórùn rẹ̀ lára mi ńkọ́, èmi tí n kò fa sìgá rí? Mọ́nsúrátù rẹ́rìn-ín títí ó fi fi abẹ́rẹ́ gún ìka ara rẹ̀.

A wá gbọ́ ọ dé òpin. O ní nǹkan ọ̀hún wà nínú ọpọlọ, ó wà nínú ìfun, nínú ẹ̀dọ̀ àti nínú ọ̀rá. O ní bí apá kan nínú ọpọlọ bá ń pariwo jù, nǹkan yìí á padà lọ bá ẹni tó ń pariwo, á ní kó rẹ ohùn sílẹ̀. Mo ní àgbà ilé nìyẹn. O ní ó ń ran ọpọlọ lọ́wọ́ láti jọ̀wọ́ ìbẹ̀rù àná, ó ń jẹ́ kí òórùn oúnjẹ fa èèyàn, òun náà ló sì ń bá ara pinnu bóyá kó ná oúnjẹ tàbí kó fi pamọ́ sínú ọ̀rá. O ní ara kì í kó o jọ sínú abà, láti inú ọ̀rá ló ti ń ṣe é nígbà tó bá nílò rẹ̀, tó bá sì jíṣẹ́ tán, á túká. O ní ìbànújẹ́ lè da ètò náà rú, ẹ kò sì tíì mọ gbogbo rẹ̀. O kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má torí ẹ̀ lọ fa igbó. Wòlíì Akínọ̀ṣọ́ náà sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo bi í, ó ní ohun tí Olúwa bá gbìn sínú ara kì í ní èéfín.

O wá ní kí n mú ìyá rẹ lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kó má sì jẹun kó tó débẹ̀. Ibi tí èmi àti ìwọ ti yà nìyẹn. Ìwọ lo sọ pé inú ọ̀rá ni nǹkan náà ti ń wá. Obìnrin tí kò ní ọ̀rá lára mọ́, o tún ní kó gbààwẹ̀? Nínú ìjọ aláṣọ funfun wa, bí aláìsàn kò bá lè gbààwẹ̀, ará ilé rẹ̀ á gbà á fún un, Olúwa á sì kà á fún un. Mọ́nsúrátù ní nínú ẹ̀sìn tiwọn náà, aláìsàn kì í gbààwẹ̀. Ìjọ kan, mọ́ṣáláṣí kan, ẹlẹ́rìí mi pé. Mo gba ààwẹ̀ náà fún ìyá rẹ. Gbígbẹ ni mo gbà á, omi kò kan ètè mi. Mo wọ sùtánà mi, mo bọ́ bàtà. Ní ìdájí mo rin ewùrà, mo fi ẹja gbígbẹ se ìkọ́kọrẹ́ fún un fúnra mi, ó wò ó, ó ní òun á mu ògì díẹ̀. Mo rọ ìkọ́kọrẹ́ sínú fláàsì, a gbé e dání.

Abdulmajeed, awakọ̀ tí o rán sí wa, bi mí pé Bàbá, bàtà yín dà? Mo ní ẹni tó bá wọ aṣọ yìí, ilẹ̀ mímọ́ ló ń tẹ̀. Ó ní òun mọ̀ pé ilẹ̀ Lẹ́kkí wọ́n, òun kò tíì gbọ́ pé ó mọ́.

Nígbà tí a dé ibi àyẹ̀wò náà, nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní Fúnláyọ̀ bi wá bóyá Màmá ti jẹun. Mo ní Màmá ti mu ògì, èmi ni mi ò jẹ, mo sì na ọwọ́ mi sí i. Ó ní ṣé Bàbá ló ń ṣàìsàn ni? Mo ní ara kan ni tọkọtaya. Ó ní òótọ́ ni Bàbá, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò lọ síbi ìgbéyàwó. Gbogbo àwọn tó jókòó rẹ́rìn-ín. Ó ní ká padà wá ní Ọjọ́bọ̀. Ojú tì mí.

Mo jókòó sábẹ́ igi fúrúùtù ìta wọn. Ebi tó ń pa mí lọ́jọ́ náà, ó lè jẹ fláàsì mọ́ oúnjẹ. Mo ṣí i, òórùn ẹja sọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. O mọ̀ pé nínú ilé wa, láti ayé bàbá mi, ìyàwó kì í bá ọkọ jẹ nínú àwo kan. Ìyá rẹ ń wò mí. Ó ní ta ló kọ́ mi láti da ata báyìí? Mo ń jẹ tèmi lọ. Ó gba ṣíbí lọ́wọ́ mi, ó tọ́ ọ wò, ó ní kò níyọ̀. Mo fẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni, ni mo rí i pé tí mo bá gbà fún un, á gbé ṣíbí sílẹ̀. Mo ní iyọ̀ rẹ̀ tó. Ó tún bù ú láti fi hàn mí pé kò tó. Mo ní ewùrà náà kúnná. Ó ní irọ́ ni, kókó rèé, ó gbé e mì. Mo ní kò sí iyanrìn lára ẹja. Ó jẹ ẹja náà tán láti wá iyanrìn. Fúnmi, gbogbo ayé ló ń pè mí ní olóríkunkun, ọjọ́ yẹn ló wúlò. A jà títí fláàsì fi ṣófo. Abdulmajeed kọjú sí ògiri, ó ń fi ọwọ́ nu ojú.

Láti ọjọ́ náà, àwo kan la ń lò. Mo ń mọ̀ọ́mọ̀ dín iyọ̀ kù. Bá mi bi àwọn ọ̀gá rẹ bóyá wọ́n ti wádìí àríyànjiyàn, torí ó dá mi lójú pé ó ní ohun tó ń ṣe fún nǹkan inú ara yẹn. Ní àná, ó dárúkọ Ọmọ́wùnmí, ó sì rẹ́rìn-ín sí ìwà kan tó máa ń hù ní kékeré.

Jọ̀wọ́, fi owó ẹja àti ti ewùrà ránṣẹ́ sórí fóònù Mọ́nsúrátù. Ọ̀sán ni kí o fi ránṣẹ́, kó lè ríran rí ọ̀nà. Ra fláàsì tó tóbi ju èyí lọ fún wa. Kí ìwọ náà wálé, kí o mú ṣíbí tìrẹ dání.

Ọ̀la ni Ọjọ́bọ̀ náà. Ìyá rẹ fúnra rẹ̀ ni yóò gba ààwẹ̀ rẹ̀, mo ti yọwọ́. Ó wà nínú ilé báyìí tó ń kùn. Ó ní kí ló dé tí wọn kì í gba ẹ̀jẹ̀ ẹni tó yó, ó ní ebi á ti pa òun kú kí nọ́ọ̀sì yẹn tó jí. Ebi, Fúnmi! Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Mọ́nsúrátù ní kí n dúró ná, òun fẹ́ nu ojú.

Olúwa á fún ọ ní oúnjẹ, á sì fún ọ ní ebi tí wàá fi jẹ ẹ́, àti ẹni tí ẹ óò jọ máa jà lórí iyọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ tòótọ́,
Ọlálérè.