Ohun Tó Ṣe Ọkọ̀ Wa

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú àdúrà, ẹ kú àìgbàgbé wa. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín, mo dọ̀bálẹ̀ fún àwọn ẹ̀gbọ́n Bàbá wa tó ṣẹ́kù. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n ka lẹ́tà yìí sókè létí gbogbo ẹbí, nítorí ojú gbogbo ẹbí ni ẹ ti sọ ọ́ pé ẹsẹ̀ Bọ́lá ìyàwó mi kò dára. Ẹ ní láti ọjọ́ tó ti wọ ọkọ̀ wa ni ọkọ̀ ti ń ṣòjòjò, pé ohun tó ń tẹ̀ lé e ló pa ọmọ wa.

N kò kọ̀wé láti bá yín jà. Inú ń bí mi ṣá, n kò ní purọ́. Òjò kò dákẹ́ ní Ẹ̀gbẹ́dá níbí, ẹrẹ̀ ni mo ń gbà lọ sí iléèwé tí mo ti ń kọ́ni ní Ìkòtún. Bọ́lá kì í jáde mọ́. Àwọn tí a jọ ń gbé ilé kí wa dáadáa nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn náà kálukú padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó ráyè bá wa jókòó.

Ẹ rántí pé nígbà Àjíǹde ni mo wa ọkọ̀ náà wálé bí mo ṣe rà á, torí n kò fẹ́ máa wà á kiri kí ẹ tó gbàdúrà sí i. Ẹ wọ́n omi sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ gbọ́wọ́ lé e, gbogbo wa ṣe àmín. Bí èmi àti Bọ́lá ṣe ń padà bọ̀ sí Èkó ló bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Bí mo bá ní kó sáré, a fà sẹ́yìn. Bó bá dúró lójú kan, gbogbo ara rẹ̀ a máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú.

Apá mi kò ká mẹkáníìkì ojoojúmọ́, èmi fúnra mi ni mo ń ṣí i wò nínú ọgbà lọ́jọ́ Sátidé. Mo tú púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí epo, mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ wọ́n. Mo tan ẹ́ńjìnì, mo ń yọ wáyà púlọ́ọ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan kí n lè mọ èyí tí kò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí mo bá yọ, ohùn ẹ́ńjìnì á yí padà, ìyẹn ni pé gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́. Mo tú kábúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, mo fọ̀ ọ́. Ọkọ̀ á dára díẹ̀, á tún padà sí ti tẹ́lẹ̀. Àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ojú lásán, èmi náà sì ti fẹ́ máa gbà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ìrọbí mú Bọ́lá, òjò ń rọ̀. A dé Ṣáṣá, ọkọ̀ kú. Àwọn alábàárù tó ń já tòmátì sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n tì wá títí, ó húkọ́, ó tún kú. Kí ọkọ̀ akẹ́rù kan tó gbé wa dé ilé ìwòsàn, ọmọ ti kú sí i nínú. Ọkùnrin ni. Gbogbo èyí ni ẹ mọ̀.

Èyí tí ẹ kò mọ̀ nìyí. Nígbà tí ẹ rán ẹ̀gbọ́n mi Dúpẹ́ wá kí wa, ìgò omi àdúrà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ẹ ní kí n dà á sínú táńkì epo, bí ẹ̀yin fúnra yín ṣe da odidi ìgò kan sí i nígbà Àjíǹde nígbà tí mo ń jẹun lọ́wọ́, kí àdúrà lè wọ inú ọkọ̀ náà dáadáa. Mo gbé abọ́ sábẹ́ ọkọ̀, mo tú ìdí táńkì, mo sì rọ ohun tó jáde sínú ìgò funfun kan. Nígbà tó silẹ̀, epo wà lókè, omi wà nísàlẹ̀. Mo fọ táńkì náà, mo ra epo tuntun sí i. Màámi, ọkọ̀ náà kò húkọ́ mọ́ láti ìgbà yẹn.

Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Mo mọ̀ pé ẹ gbààwẹ̀ sórí omi náà. Bọ́lá bẹ̀ mí kí n má kọ ọ́ sí yín. Ó ní òun á fara da orúkọ burúkú náà, pé ara òun ṣì le, ṣùgbọ́n bí Màámi bá gbọ́ èyí, wọ́n lè má gbádùn ara wọn mọ́. N kò gbà fún un. Ó ti pàdánù ọmọ, n kò ní jẹ́ kó tún ru ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹnu yín ni mo fẹ́ kí ẹbí ti gbọ́ ọ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ dára. Lẹ́yìn náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá bá a jókòó.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ kò ní fojú sunkún ọmọ mọ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà.

N kò da omi kejì sínú táńkì, n kò sì dà á nù. Orí tábìlì ni Bọ́lá gbé e sí. Bó bá jí láàárọ̀, á bu díẹ̀ mu, á ṣe àmín sí àdúrà tí ẹ gbà sí i. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ bá a gbé òmíràn lọ́wọ́.

Èmi ni, ọmọ yín,
Káyọ̀dé