Ipa Ẹsẹ̀ Létí Òkun

Màámi,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Èmi ń jayé orí mi o! Olówó kan ló ni gbogbo erékùṣù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí. Ibẹ̀ ló ti ń sinmi. Kó tó jí, èmi àti ọ̀rẹ́ mi máa ń gbá iyanrìn etí òkun. Ẹ̀yìn la fi ń rìn, ká lè gbá ipa ẹsẹ̀ tiwa náà rẹ́, torí kò fẹ́ rí i pé ẹnikẹ́ni ti débẹ̀ ṣáájú òun.

Lánàá, ọ̀rẹ́ mi béèrè páspọ́ọ̀tù rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá wa. Láàárọ̀ yìí, wọ́n ní ọ̀rẹ́ mi ti lọ sílé, àmọ́ bàtà rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ má mikàn, ara mi dá ṣáṣá.

Ọ̀gá ní àyè kan ti ṣí, ó bi mí bóyá mo ní àbúrò. Mo ní rárá, èmi nìkan ṣoṣo lẹ bí.

Ẹ bá mi kí àbúrò mi o.