Ẹ Tètè Yọ Yẹtí Yín

Ìkẹ́nnẹ́, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì

Ẹ̀rù ṣì ń bà mí bí mo ṣe ń kọ èyí.

Èmi àti àǹtí mi ń rin ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́ nígbà tí fèrè mọ́tò ọkọ wọn dún ní géètì. Tómi, ọmọ wọn, fi eré sílẹ̀, ó sáré wọlé: "Mọ́mì, ẹ tètè yọ yẹtí yín, Dádì ti dé!"

Àǹtí mi yọ ọ́. Ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé etí wọn kan ti fàya. Tómi kó yẹtí náà sápò wéré, bí ẹni ń ká aṣọ torí òjò. Ọmọ ọdún márùn-ún! Ta ló kọ́ ọ?

Ó ní, "Tiyín ńkọ́, Àǹtí Kẹ́mi?"

"Dádì ò lè na èmi."

"Mọ́mì náà sọ pé Dádì ò ní na àwọn mọ́."

Mo yọ tèmi fún un.