Fláàṣì Ọ̀fẹ́ Tí O Fi Ránṣẹ́

Àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó àtàwọn ọmọ. Ẹsẹ̀ Bàbá ti ń fúyẹ́.

Ara ń fu mí sí Línúùsì, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, tí o kó sínú fláàṣì fún kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi. Ọ̀fẹ́ ke? Gbogbo àwòrán aṣọ tí mo bá yà, bí mo bá ti pa kọ̀ǹpútà, ó ti pòórá. Mo tiẹ̀ fura sí ọkọ mi pé òun ló ń pa wọ́n rẹ́.

Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣì ń tọ́ Línúùsì wò látinú fláàṣì ni, ẹ ò tíì gbé e wọ kọ̀ǹpútà, ìyẹn ni nǹkan kì í fi í dúró síbẹ̀." Bó ṣe fẹ́ gbé e wọ̀ ọ́, kọ̀ǹpútà béèrè bóyá kóun nu gbogbo ohun tó wà nínú òun. Mo gbá ọwọ́ ẹ̀ dànù!

Inú kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ni ohùn Màmá tí a gbà sílẹ̀ kó tó kú wà. Pè mí, kọ́ mi bí n ó ṣe kọ́kọ́ kó o pamọ́ síbòmíì. Ọlọ́run á ṣọ́ yín. Títí o ó fi pè, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni kọ̀ǹpútà ń sùn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin